Ìlà Kóòdù Kan Láti Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá

Ẹni tó bá ní ọmọ ìyá kan ṣoṣo láyé, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé kó máa ṣọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Kò ní í gbọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ká ní ẹ dán an wò, ìjà ni ì bá dà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ìṣọ́ gan-an ni wọ́n gbà á fún.

Òun ló ń mójú tó ìkànnì ilé ìwòsàn àwọn obìnrin, ilé alájà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, tí àga onírin wà ní ìloro rẹ̀ fún àwọn tó ń dúró. Yàrá tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àti fáànù kan tó máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọn ò fún lóúnjẹ lásìkò. Ìyá Ẹ̀rọ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Eré ni wọ́n ń ṣe, kò sí ìkà níbẹ̀. Àmọ́ ìyá tí wọ́n ń pe obìnrin yìí, kò tíì bí ẹnikẹ́ni. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ nípa àkọ́kọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, kò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ẹni tó kù tó lè sọ ọ́ fún ni Bọ̀ọ̀dá. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, Bọ̀ọ̀dá yìí ló fi ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó lọ ń bá ilé iṣẹ́ kan kiri oògùn, kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Ọjọ́ tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, Bọ̀ọ̀dá jókòó síta gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ba àbúrò òun, gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n. Kékeré ló ń pè é títí dòní, obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ lè bú ọkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣáà dárúkọ Bọ̀ọ̀dá láìdáa.

Ìkànnì ilé ìwòsàn yìí ní àpótí kan tí wọ́n pè ní Sọ Ọ́ Fún Nọ́ọ̀sì. Obìnrin tí nǹkan ń ṣe, tójú ń tì láti wá, á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Kò ní í kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù nìkan, nọ́ọ̀sì á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá a lóhùn. Ohun tí àwọn obìnrin ń kọ síbẹ̀, wọn ò lè sọ ọ́ fún ìrọ̀rí wọn. Mátírọ̀nù, tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àpótí yẹn sókè nínú yàrá.

Mátírọ̀nù yìí ló pe Ìyá Ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan. Ó ní ó ti sú òun kí àwọn aláboyún máa rìn lọ sí ilé ìkóògùnsí ńlá tó wà ní òdìkejì ìlú, kí wọ́n débẹ̀ kí wọ́n ní oògùn ti tán. "Ṣebí àtòkọ oògùn tó wà nílẹ̀ wà lórí ìkànnì tiwọn. Gbé e wá sórí tiwa, kí àwọn èèyàn lè rí i kí wọ́n tó wọ bàtà." Ìyá Ẹ̀rọ ní kò le. Ilé ìkóògùnsí yẹn kúkú ni Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́.

Ló bá rí i pé ó le. Bùráúsà tí gbogbo wa fi ń wo ìkànnì, ẹ̀rọ onífura ni. Bí ojú-ewé ilé ìwòsàn bá ní òun fẹ́ ka ohun tó wà nílé ìkóògùnsí, bùráúsà á kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé ìkóògùnsí sọ pé òun gbà fún un. Bí wọ́n bá kàn dákẹ́, kò ní í jẹ́ kí ojú-ewé rí nǹkan kan. Ì báà jẹ́ àtòkọ oògùn lásán, ì báà jẹ́ ohun tí gbogbo ayé ń rí. Òfin náà ò mojú ẹnì kankan. Ìyá Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ìlà pupa jáde pé kò gbà. Ó tún un tẹ̀, ìlà pupa. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ olóríkunkun sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó dáa wà, ó sì mọ̀ ọ́n. Kí ilé ìkóògùnsí kọ ìlà kan sórí sáfà wọn, ẹ̀rọ tí ìkànnì wọn ń gbé, pé àwọn gba ilé ìwòsàn láyè. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Tàbí kí sáfà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ lọ mú àtòkọ náà wá bí alárinà, nítorí bùráúsà ló ń ṣọ́ni, kì í ṣe sáfà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí sáfà wà níkàáwọ́ rẹ̀, Mò-ń-Bọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí kò ní ìdáhùn mìíràn lórí fóònù. Ó ti ń bọ̀ láti ìgbà òjò.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹ̀rọ ro ẹjọ́ yìí fún Bọ̀ọ̀dá lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń kan àpótí ìjókòó kan tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó kó ìṣó sẹ́nu. Ó yọ wọ́n kúrò, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Kékeré. Àwọn ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ti kọ́ mi díẹ̀ níbẹ̀. Ṣebí bí ojú-ewé bá ní kí wọ́n kó kóòdù wá fún òun láti ilé mìíràn, bùráúsà kì í dá kóòdù dúró?"

"Kì í dá a dúró."

"Ó tán. Màá di àtòkọ oògùn sínú kóòdù, ìwọ á kọ ìlà kan péré pé kí ojú-ewé rẹ máa wá mú un lọ́dọ̀ mi."

Òótọ́ ló sọ. Ihò àtijọ́ ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń gbabẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ ìdí tó fi ń ba èèyàn lẹ́rù. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, tó bá ti wọlé báyìí, bùráúsà ò tún kà á sí àlejò mọ́. Ọmọ ilé ló dà. Kò sí yàrá tí kò lè wọ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ojú-ewé tí kò lè kà.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò ní í séwu níbẹ̀ báyìí?"

Bọ̀ọ̀dá gbé òòlù sílẹ̀. "Ewu látọwọ́ ta? Èmi ni màá fi ránṣẹ́. Àbí o ti fẹ́ máa yẹ àpò èmi náà wò?"

Ojú tì í. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ má bínú, iṣẹ́ ló ń pa òun bí ọtí.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí kóòdù náà dé, ó kà á látòkè délẹ̀. Orúkọ oògùn ni, oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí nǹkan mìíràn. Ó kọ ìlà kan yẹn sórí ojú-ewé, àtòkọ yọ. Mátírọ̀nù fò sókè, obìnrin abara ńlá yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá sókè lẹ́nu iṣẹ́, tó di ọ̀gá àwọn tó ń tajà, Ìyá Ẹ̀rọ sì ra táì aláwọ̀ búlúù fún un.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ó mọ̀ pé kóòdù náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan kó tán. Gbogbo ìgbà tí obìnrin kan bá ṣí ojú-ewé ni bùráúsà ń lọ mú un tuntun lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ohun tí Bọ̀ọ̀dá bá sì fi síbẹ̀ láàárọ̀ yìí ló ń wọlé láàárọ̀ yìí. Ká ní àjèjì ni, ojoojúmọ́ ni ì bá máa kà á. Kò tún kà á mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni oyún kejì bà jẹ́. Ó lọ síṣẹ́ bí ẹni pé inú rírun lásán ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìloro dákẹ́, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ṣí ojú-ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí bí àwọn obìnrin yòókù. *Ó ti di ẹ̀ẹ̀kejì tí oyún ń bà jẹ́ lára mi. Mi ò tíì lè sọ fún ọkọ mi. Ṣé èmi ni mò ń ṣe nǹkan tí kò dáa?* Kò lo nọ́ńbà tí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀. Ó lo fóònù rẹ̀ kejì, èyí tí ọkọ rẹ̀ àti Bọ̀ọ̀dá nìkan ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nu ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kó tó dìgbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́, fóònù kejì yẹn dún. Bọ̀ọ̀dá ni.

"Kékeré, ọkàn mi ṣàdédé lọ sọ́dọ̀ rẹ ni. Mo ní kí n gbóhùn rẹ. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Gbogbo ohun tó ti gbé mì ló pọ̀ jáde. Bọ̀ọ̀dá ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó ní ọmọ ń bọ̀, ó ní kó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ lónìí, kó má dá ẹrù gbé. Ọjọ́ kejì, ó fi àpò oògùn ránṣẹ́, oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ àti ti ara líle, ó so ó rẹ́múrẹ́mú. Ìyá Ẹ̀rọ sọ fún ọkọ rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n jọ sunkún. Ohun tó ń sọ léraléra ni pé, "Mi ò tíì la ẹnu tí Bọ̀ọ̀dá mi fi mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń pe ẹ̀jẹ̀." Ó fi ọ̀rọ̀ yìí gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé ayé bá sú u, á rántí ìpè yẹn, ara rẹ̀ á wálẹ̀.

Ló bá di òwúrọ̀ kan, ìyá aránṣọ kan wọ ilé ìwòsàn tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Kò pariwo. Ó dúró níwájú Mátírọ̀nù, ó ní òun kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí wọn pé òun ń wá oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ọkọ òun ò ní í mọ̀ sí, nítorí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ fún ara òun. Ní àná, ẹnìkan láti ilé ìkóògùnsí pe fóònù òun. Ọkọ òun ló gbé e. Onítọ̀hún ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró tí madam béèrè, ó ti dé." Ọkọ òun ti kó ẹrù tirẹ̀ kúrò nílé.

"Ẹ ní nọ́ọ̀sì nìkan ló ń kà á," ló ṣáà ń sọ. "Ẹ ní nọ́ọ̀sì nìkan."

Mátírọ̀nù wo ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá obìnrin náà lóhùn. Nọ́ọ̀sì tó kéré jù ni. Ọmọ náà búra, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Mátírọ̀nù ní kó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó máa lọ sílé títí ọ̀rọ̀ á fi hàn. Ó yíjú sí Ìyá Ẹ̀rọ. "Lọ wò ó nínú ẹ̀rọ rẹ, bóyá ó ṣe é fún ẹlòmíì."

Ìyá Ẹ̀rọ wọ yàrá, ó ṣí ojú-ewé, ó tan apá ibi tí bùráúsà ti máa ń fi gbogbo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde han àwọn tó mọ iṣẹ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ wérewère kan sínú àpótí pé, *Ìka ẹsẹ̀ ń dùn mí.* Kò tíì tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ rárá tó fi rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, kì í ṣe sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ilé ìkóògùnsí ló ń lọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ń lọ. Ó ṣí kóòdù Bọ̀ọ̀dá. Oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn àtòkọ, ìlà díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò ronú kan Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé olè ti wọ sáfà ilé ìkóògùnsí, pé wọ́n á fi ọ̀rọ̀ yìí kó bá Bọ̀ọ̀dá òun. Kò sọ fún Mátírọ̀nù. Ó sáré jáde lọ kìlọ̀ fún Bọ̀ọ̀dá.

Ọ́fíìsì Bọ̀ọ̀dá wà lókè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń já páálí oògùn. Ó so táì búlúù mọ́rùn. Ó dìde, ó fa àga fún un, ó bu omi. "Jókòó, Kékeré. Ojú rẹ ò dáa. Ṣé o jẹun?"

"Bọ̀ọ̀dá, olè ti wọ sáfà yín. Wọ́n ti fi nǹkan kún kóòdù yẹn. Gbogbo ohun tí àwọn obìnrin ń kọ síbẹ̀ ni wọ́n ń jí."

"Háà." Bọ̀ọ̀dá mi orí. "Ọmọ aráyé ò dáa. Màá ní kí àwọn ọmọ wò ó lónìí." Ó jókòó padà. Ara Ìyá Ẹ̀rọ ti ń balẹ̀ nígbà tó fi kún un pé, "Aránṣọ yẹn ló wá fẹjọ́ sùn, àbí?"

Ìyá Ẹ̀rọ gbé ife omi sílẹ̀.

"Mi ò tíì sọ pé aránṣọ kan wá."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń ka páálí sókè. Bọ̀ọ̀dá ń fọwọ́ tún táì ṣe, kò sì sí ohun tó ṣe táì.

"Wọ́n fẹ́ dá àwa tí à ń tajà dúró, Kékeré. Gbogbo wa. Ẹni tó bá mọ ohun tí èèyàn ń wá ló ń rí ọjà tà. Kí ni mo gbà lọ́wọ́ wọn? Wọ́n ń wá oògùn, mo ní oògùn."

"Ọkọ obìnrin yẹn ti kó ẹrù rẹ̀."

"Ọmọ tó pè é ni kò gbọ́n. Mo ti bá a wí." Ó wò ó. "Kì í kúkú ṣe pé mo fọ́ ilẹ̀kùn. Ìwọ lo ṣí i fún mi."

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì lè dá ọgbẹ́ síni lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Orí rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ aránṣọ, ó ti padà sí ọ̀sán kan tí ìloro dákẹ́, àti fóònù kejì tó dún.

"Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́ tí ẹ pè mí. Ẹ ní ọkàn yín ló ṣàdédé lọ sọ́dọ̀ mi."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí fèrèsé.

"Ṣé ọkàn yín ni?"

"Mo rí nọ́ńbà rẹ," ló sọ. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n rí i kí n dákẹ́? Ṣé ara ò tù ẹ́ pé mo pè?"

Ó tù ú. Ìyẹn gan-an ni kò ṣeé fojú kàn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, gbogbo wa ń pa á lówe láti kékeré, a ò mọ̀ pé ẹnu ikú ilé lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó dìde. Bọ̀ọ̀dá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kó sọ fún wọn pé olè ni, kó yọ ìlà yẹn kúrò, kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Ó ní kó rántí ẹni tó jókòó síta gbọ̀ngàn. Ìyá Ẹ̀rọ ní òun rántí. Ó rántí ẹ̀wù òtútù náà, àwọ̀ rẹ̀ àti bọ́tìnnì tó já lára rẹ̀. Ó sì tún rántí nọ́ọ̀sì kékeré tó bọ́ aṣọ funfun, tó ká a sórí àga onírin kó tó máa lọ.

Nígbà tó délé ìwòsàn, ó kọ́kọ́ pa ìlà náà rẹ́. Àtòkọ oògùn pòórá lójú-ewé. Ó wá wọlé tọ Mátírọ̀nù lọ.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, mà. Ẹ pè é padà. Kóòdù kan wà lójú-ewé wa tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin lọ sílé ìkóògùnsí."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Mátírọ̀nù yọ awò ojú. "Ta ló kọ ọ́?"

Ì bá ti parọ́ níbẹ̀. Ó kàn rí i pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ẹni náà mọ́.

"Ọmọ ìyá mi ni."

Ó sọ èyí tó kù náà, pé òun wà lára àwọn obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀, àti ohun tí òun kọ. Mátírọ̀nù dìde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹnìkan fi wá kanlẹ̀kùn.

Ẹ ò ní í gbàgbọ́, Mò-ń-Bọ̀ dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ṣe ọ̀nà alárinà sórí sáfà, àtòkọ oògùn padà wá bí ọ̀rọ̀ lásán tí kò lè ka ohunkóhun. Kò tíì mu ife tíì rẹ̀ tán tó fi parí. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kékeré padà. Ilé ìkóògùnsí ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni, àwọn ò mọ̀ sí i, wọ́n lé Bọ̀ọ̀dá dànù. Ìyá Ẹ̀rọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sórí ojú-ewé fún gbogbo obìnrin tó ti kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ó sì lọ bá ìyá aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù láti bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì ń ran aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ sígbà náà, ó ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, oòrùn ṣì mú, nígbà tí fóònù kejì dún. Ó mọ nọ́ńbà náà. Ó gbé e sétí.

"Kékeré," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ọkàn mi ló kàn lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mo ní kí n gbóhùn rẹ."

Bóyá òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn. Èmi rò pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀rọ dúró síbẹ̀ tòun ti aṣọ lápá, ó ń ro ohun gbogbo tó ti tẹ̀ sórí fóònù láti àárọ̀, gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí, gbogbo ojú-ewé tó ṣí. Kò rí nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń wá ibi tí Bọ̀ọ̀dá gbà wọlé.